Bí A Ṣe Ń Bi Àjèjì Ní Ìbéèrè Tí Yóò Fi Dá Wa Lóhùn

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Isanlu kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo padà wá jókòó sílé wa ní Mopa. Ọmọ mi obìnrin ra fóònù ńlá kan fún mi lọ́dún náà, kí n lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ohun méjì ló wá gbé mi dé àárín àwọn àjèjì orí íntánẹ́ẹ̀tì: sólà ilé mi tó máa ń kú kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, àti àdììtú onínọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Sudoku, níbi tí a ti ń fi nọ́ńbà 1 sí 9 kún àpótí 81 láìjẹ́ kí nọ́ńbà kan wà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà kan. Mi ò lọ síbẹ̀ láti di gbajúmọ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ, ni mo fi ń bá wọn jókòó. Síbẹ̀, mo ti rí púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn, tí wọ́n sì gbà pé àwọn òyìnbó ò ka àwọn sí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe béèrè ni.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ kọ sínú ẹgbẹ́ onísólà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rèé: “Ẹ jọ̀ọ́, sólà mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni kí n ṣe?” Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, ó ní kí n pe oníṣẹ́ sólà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníṣẹ́ tí mo ti pè ṣáájú ní kí n lọ ra bátìrì tuntun, owó rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ mi. Inú bí mi gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo padà lọ ka ohun tí mo kọ, bí ìgbà tí mo bá ń ka ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́, ni mo bá rí i pé kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀. Ta ló mọ bí sólà mi ṣe tóbi tó? Kí ni mo ń pè ní “dáadáa”? Ẹni tó wà ní Íńdíà ò rí òrùlé mi.

Mo yá mítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn fóltì, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi okùn pupa kan ibi àmì ìròpọ̀, kí wọ́n fi dúdú kan ibi àmì àyọkúrò. Mo wọn bátìrì náà ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago kan ọ̀sán àti aago méje alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo wá kọ ìbéèrè mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Páńẹ́lì kan ni mo ní, wáàtì 150. Bátìrì kan, fóltì 12, 100Ah, irú èyí tí a ń bu omi sí, ó pé ọdún méjì. Gílóòbù mẹ́ta, fáànù kékeré kan àti fóònù méjì ló ń gbé. Láàárọ̀ mítà ń sọ 11.8, lọ́sàn-án 12.9, lálẹ́ 12.4. Ó ń kú ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ ń mọ́ bá a ni. Mo ti bu omi bátìrì sí i, mo ti nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́lì, kò yí padà. Ìlà-oòrùn ìlú Ilorin ni ìlú mi wà, ní Nàìjíríà. Oṣù kejì ọdún la wà, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwòrán rèé.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn méje ti dáhùn.

Ẹ tún un kà, kí ẹ sì wo ohun tó ṣe. Ó sọ ohun tí mo ní, ó sọ ohun tó ń ṣe báyìí àti ohun tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì sọ ohun tí mo ti gbìyànjú kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyẹn ṣòfò àkókò. Àwọn nọ́ńbà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ni ọ̀kan nínú wọn rí tó fi dúró: “Lọ́sàn-án gangan, 12.9? Bátìrì olómi tó ń jẹun kánú yẹ kó ti kọjá 14 nígbà yẹn. Bóyá bátìrì yín ò bàjẹ́ rárá. Ebi ló ń pa á.” Ó ní kí n ya àwòrán páńẹ́lì náà ní aago mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá àti méjì, láti ibì kan náà. Mo gun àkàsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ yẹn, ọmọ àbúrò mi sì ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nísàlẹ̀, ó ń sọ pé, “Mama, ẹ rọra o.” Àwòrán aago méjìlá ló tú àṣírí: ẹ̀ka máńgòrò kan láti apá gúúsù ti nà wá sórí òrùlé, òjìji rẹ̀ sì bo igun kan.

Igun kan péré! Mi ò gbà pé ìyẹn lè ṣe nǹkan. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àwọn ègé kéékèèké inú páńẹ́lì so kọ́ra lẹ́sẹẹsẹ, iná tó ń ṣàn nínú ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú èkejì kọjá, bí omi inú rọ́bà. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà níbì kan, ẹ wo bóyá omi á jáde dáadáa lẹ́nu rẹ̀. Òye yẹn dùn mọ́ mi ju iná lọ.

Ohun tó ń já mi láyà títí dòní ni pé ìbéèrè tí mo fẹ́ kọ lẹ́ẹ̀kejì kọ́ ni mo kọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni, “Bátìrì wo ló dára tí kò wọ́n?” Wọn ì bá dáhùn rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Wọn ì bá dárúkọ bátìrì mẹ́wàá fún mi, mi ì bá lọ jẹ gbèsè ra ọ̀kan, màá gbé e jókòó sábẹ́ òjìji kan náà. Nítorí náà, ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún wọn. Ẹ má ṣe dárúkọ oògùn tí ẹ ti yàn fúnra yín kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín díye lé e.

Kí ẹ tó béèrè rárá, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Àlejò kì í wọ àgbàlá kó máa pàṣẹ ibi tí wọ́n máa gbé odó sí. Ẹ ka ohun tí wọ́n ń kọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ka òfin wọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan wá inú àwọn ìbéèrè àtijọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ni mo máa ń bá ìdáhùn mi níbẹ̀, tí mi ò sì ní kọ nǹkan kan mọ́.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Inú ibi tí a ń kọ àkọsílẹ̀ sí lórí fóònù ni mo ti ń kọ ìbéèrè mi tán, màá kà á sókè fún ara mi, kí n tó dà á síbẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Mo ti pàdánù ìbéèrè olójú ewé kan rí nítorí pé ó já lójijì. Ẹ gé àwòrán yín kí ó kù sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyẹn ń dín dátà kù, kò sì ní jẹ́ kí àjèjì rí nọ́ńbà ilé yín, nọ́ńbà mọ́tò tàbí ìwé báńkì tó wà lórí tábìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá yín ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín ránṣẹ́ sí òun, ẹ má fún un, kódà bó bá ní ọmọ ìyá yín lòun. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn lè gba WhatsApp yín mọ́ yín lọ́wọ́.

Ti Sudoku ní òfin tirẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n láìkọ́. Bí ẹnì kan bá ní “Àlọ́ o!”, tí a dáhùn pé “Àlọ̀!”, tó wá pa á tán, ọmọ tó bá ta ẹnu kan ìdáhùn lójú ẹsẹ̀ ti ba alẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, ẹni tó ṣì ń rò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín àwọn tó fẹ́ràn àdììtú. Ẹ fi ìdáhùn pamọ́. Lórí Telegram àti Discord, ẹ fi igi òró méjì, ||, ṣáájú ọ̀rọ̀ náà àti méjì lẹ́yìn rẹ̀, yóò di bíbò títí ẹni tó bá fẹ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Lórí Reddit, >! ló ń ṣáájú, !< ló ń tẹ̀lé e. Kí èyí tó dé, ní àwọn ọdún 1980, lórí Usenet, ibi ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà gbìmọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1979, ṣe ni wọ́n ń sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ìgbà 13, kí A di N, kí B di O. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, nítorí náà bí a bá tún sún un ní 13, ọ̀rọ̀ yóò padà sípò. Mo jókòó fi álífábẹ́ẹ̀tì tiwa gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Tiwa jẹ́ 25, kò ṣe é dá sí méjì dọ́gba, ẹni tó bá sún un síwájú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iye mìíràn ni òun yóò fi dá a padà. Mo fẹ́ràn irú nǹkan báyìí.

Bí ẹnì kan bá há sí ìdí àdììtú, mi kì í fún un ní ìdáhùn, àfi tó bá bẹ̀bẹ̀. Màá ní, “Ẹ tún wo ìlà karùn-ún, níbo ni 7 ṣì lè jókòó sí?” Olùkọ́ ni mí.

Àmọ́ àwọn náà kọ́ mi. Mo fọwọ́ ara mi ṣe Sudoku kan tí mo fi nọ́ńbà 16 péré síbẹ̀ nínú àpótí 81, mo sì kéde pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Láàárín wákàtí kan, ẹnì kan tí kò kí mi, tí kò bẹ̀ mí, gbé ìdáhùn méjì tó yàtọ̀ síra wá, méjèèjì sì pé. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí oní-16 tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo: Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin ti fi kọ̀ǹpútà wá gbogbo rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì kéde lọ́dún 2012 pé 17 ló kéré jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le létí mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́, mo padà wá yẹ ìdáhùn méjèèjì wò níkọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ló sọ. Mo kọ ọ́ pé, “O ṣeun, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe mi ni,” mo sì fi àtúnṣe sókè àdììtú náà kí ẹlòmíràn má baà ṣòfò lórí rẹ̀. Mi ò pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé mo ti dàgbà, kò sì sẹ́ni tó jẹ mí ní ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe tèmi ni pé bó bá jẹ́ Yorùbá la ń kọ, gbogbo èèyàn ni mò ń pè ní “ẹ”, títí n ó fi mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò ná mi ní nǹkan kan, ó sì ti pa ìjà púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ti lọ sùn.

Ẹ dáhùn ti àwọn ẹlòmíràn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mọ̀ nìkan. Nígbà kan, ẹnì kan gbé àwòrán aṣọ pupa kan jáde, ó ní ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ará Bunu ló hun ún, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ọmọ Yagba ni mí, Okun kan náà ni àwa àti Bunu. Mo mọ̀ pé aṣọ ipo ni, pé aṣọ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá ni, mo sì lè dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Bunu, tó ń gbé Kabba, ó ṣe àlàyé fún mi fún bíi ogún ìṣẹ́jú, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ó ku ìpadàbọ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ìṣòro á yanjú tán, inú á dùn, wọn ò ní yọjú mọ́, àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú ìmọ̀ràn méje. Lọ́jọ́ kẹrin tí a gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn, mo padà lọ kọ ọ́: “A ti gé e. Lónìí, aago kan ọ̀sán, 14.2. Iná wà títí di aago márùn-ún ìdájí. Mi ò ra bátìrì.” Mo fi àwòrán òrùlé sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n ya àwòrán ní ìgbà mẹ́rin.

Ọdún méjì kọjá lórí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún nígbà tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, ní Gánà, kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ ìbéèrè àtijọ́ yẹn: igi píà ni tèmi, mo gé e láàárọ̀ yìí, 14.1.