Ẹyin sísè tí èèpo rẹ̀ kò fẹ́ ṣí
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ẹyin kaná nínú omi tútù mọ́. Bó bá ń gbóná díẹ̀díẹ̀, funfun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa já wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi hó ná, kí ẹ wá fi ṣíbí gbé e sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú 11 sí 12 ti tó. Láti orí iná, omi tútù nini ló kàn. Ẹ fọ́ èèpo yí ká, kí ẹ bó o nínú omi láti ìdí tó fẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló lágídí jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.