Bí mo ṣe rí ojútùú kámẹ́rà mi nínú òtútù Tromsø

Oṣù Kejìlá ni mo dé Tromsø, ní àríwá Norway. Oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá lásìkò yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ráńpẹ́ tó dà bí aró ní ọ̀sán ni èèyàn ń rí. Létí omi, bátìrì tó kún bámúbámú kú lẹ́yìn àwòrán bí 20. Mo ti ń ka owó bátìrì tuntun lọ́kàn, àfi bó ṣe móoru nínú àpò mi tó tún jí! Òtútù ló kàn mú un lọ́ra. Láti ìgbà náà, àpò inú ẹ̀wù ni bátìrì ìpààrọ̀ mi ń gbé, níbi tí ooru ara ti ń kàn án.

Ti lẹ́ǹsì, dígí iwájú kámẹ́rà, ló dùn mí jù. Bí mo bá ti wọlé báyìí, omi á bò ó. Mo nù ún, ó tún padà. Mo kàn ń fi aṣọ ra á ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé ló ń di omi lára ohun tó tutù. Ní báyìí, kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo ti yọ káàdì tí àwòrán wà nínú rẹ̀, mo ti ki kámẹ́rà bọ inú ọ̀rá, mo dì í pa. Ara ọ̀rá ni omi ń dà sí. Ó di wákàtí 2 kí n tó tú u, ó sì gbẹ bíi panla tí wọ́n ń kó wá sílé láti Norway yìí kan náà.