Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹrù yín máa pààrọ̀ ọkọ̀: fún ẹni tó fẹ́ fẹrù ránṣẹ́ láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti agbègbè ẹ̀

Tèèyàn bá fẹ́ fẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni iye tí dírẹ́bà máa gbà, ìyẹn ò burú, àmọ́ ojú títì kọ́ lowó ti ń bọ́ jù. Ibi tẹ́rù ti ń sọ̀ nínú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíì ni. Ibẹ̀ lẹ ti ń sanwó lódà, ibẹ̀ lẹ ti ń sanwó gáréèjì, ibẹ̀ náà làpò ti ń ya, tàpò kan á sì di àwátì tí kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ wo gàárì tó ń bọ̀ láti abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òmù-Àrán. Ọ̀kadà á gbé e dé ọjà, bọ́ọ̀sì á gbé e dé Ìlọrin, kẹ̀kẹ́ Màrúwá á gbé e lọ páàkì, tírélà á gbé e d'Ékòó, ẹlòmíì á tún gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ márùn-ún nìyẹn o! Tẹ́yin àti aládùúgbò yín bá kó gàárì yín jọ, tó tó ẹrù Kántà kan, ẹ jẹ́ kọ́kọ̀ wá bá yín lọ́jà, tàbí kẹ́ ẹ pàdé ẹ̀ ní Àjàsẹ́-Ìpo níbi tọ́nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán ti pàdé, kó máa lọ tààrà. Owó ọkọ̀ yẹn lè jọ pé ó wọ́n lójú, ẹ fi wé ti márùn-ún yẹn ná.

Àpò wá ńkọ́? Ẹ fi péǹtì kọ àmì sára ẹ̀ níwá àti lẹ́yìn, torí lódà ò ní yí i padà kó tó jù ú sílẹ̀. Ẹ fún un ní nọ́ńbà pẹ̀lú, 1, 2, 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá sọnù ẹ máa mọ èyí tó sọnù, kì í ṣe pé "ó ku ọ̀kan" lásán. Isu ò fẹ́ kí wọ́n fún un mọ́ra, ẹ fi koríko gbígbẹ sáàárín ẹ̀, ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé e lórí, ohun tí dírẹ́bà bá ní kó sọ ọ́. Tápólì pọndandan lásìkò òjò.

Ẹ bi àwọn ọlọ́kọ̀ bóyá ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n fi ń gbowó àbí àyè tó gbà. Inú kọntéínà ẹsẹ̀ bàtà 20 ò ju bíi kúbíìkì mítà 33 lọ. Tó bá jẹ́ fóòmù lẹ kó sí i, á kún kó tó wúwo, tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, á wúwo tán kó tó kún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń da ẹrù wúwo àti ẹrù fúyẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi fóòmù sísàlẹ̀ o.

Ti rélùwéè, àwa la ní oríire ẹ̀ torí ojú irin Èkó sí Kánò gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, 1908 ló sì ti dé Ìlọrin. Ẹrù tó wúwo tí kì í tètè bàjẹ́, bí ajílẹ̀ àti àgbàdo, ló yẹ ẹ́. Ẹ lọ sí stéṣọ̀n fúnra yín, ẹ bi wọ́n bóyá wágọ́ọ̀nù, ìyẹn ọkọ̀ ẹrù tí rélùwéè ń fà, wà, ẹ má gbọ́ tẹnu ẹnì kankan. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: irin tiwa tóóró ni, 1,067 mìlímítà ló wà láàárín irin méjèèjì, èyí tí wọ́n ṣe láti Èkó dé Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, 1,435 ni. Wágọ́ọ̀nù tọ̀kan ò lè gun tèkejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi méjèèjì kẹ́rù yín sọ ẹni tó máa sanwó ìsọ̀ àti ìgbé n'Íbàdàn kẹ́ ẹ tó gbà.

Omi ńkọ́? Odò Asà tó la Ìlọrin kọjá, afárá la kàn ń gbà lórí ẹ̀, kò sọ́kọ̀ ẹrù níbẹ̀. Odò Ọya, lápá Jẹ́bà àti Patigi, nìyẹn ti ṣeé ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń ra ìrẹsì tàbí ẹja gbígbẹ lápá ibẹ̀, tí wọ́n máa fọkọ̀ ojú omi gbé e, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ pákó sísàlẹ̀ ọkọ̀, torí omi tó ń jò wọlé, ìsàlẹ̀ ló ń gbá jọ sí, àpò ìsàlẹ̀ ló máa ń rin. Ẹ fi ọ̀rá wé e pẹ̀lú. Tí etí ọkọ̀ bá ti fẹ́ẹ̀ kan omi, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ má ro iye tẹ́ ẹ ti san.

Wébìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, wá ni ìyókù. Iye àpò, àmì ara ẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, fóònù dírẹ́bà, kó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó wà nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó máa gbà á lóhùn-ún kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì. Lọ́hùn-ún, kó ka àpò lójú dírẹ́bà, kó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, kó tó buwọ́ lùwé, kó tó san owó tó ṣẹ́kù.