Mo ní òṣùpá méjì: ohun tí ojú mi rí kí etí mi tó là sí èdè Kòríà

Oṣù méje ni mo fi san owó kíláàsì èdè Kòríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá bá ọmọ Kòríà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí mo sọ fún un ni pé mo ní òṣùpá méjì.

Ọmọbìnrin méjì ni mo fẹ́ sọ pé mo ní. 딸이 둘 있어요. Gbólóhùn tí mo ti tún sọ tún sọ kí n tó tẹ fóònù nìyẹn. Màmá tí a jọ ń sọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní Incheon, tó ń wá ẹni tí yóò máa bá òun sọ Gẹ̀ẹ́sì, dákẹ́ díẹ̀. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé: 달이 둘이에요? Òṣùpá méjì kẹ̀? Mo tún un sọ, ó tún gbọ́ òṣùpá. Nígbà kẹta mo fi gbogbo agbára sọ ọ́ jáde, ló bá ní ṣé ìbòjú ni mo ń sọ ni, 탈. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an wà lẹ́yìn mi, wọ́n fi ìrọ̀rí bo ẹnu, wọ́n ń rín mi.

Mi ò ní dárúkọ kíláàsì náà. Ẹ̀sùn tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ tí mo fi wọ́n sílẹ̀, lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ èdè Kòríà fún wa. Annyeonghaseyo. Gamsahamnida. Ttal, dal, tal. Wọ́n ní Hangul, ìyẹn lẹ́tà àwọn ará Kòríà fúnra wọn, yóò dẹ́rù bà wá, pé kí ẹnu wa kọ́kọ́ là ná. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó mi, ìwé àdéhùn ni wọ́n nà sí mi: ẹni tó bá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ kejì, owó rẹ̀ ti wọlé.

Hangul tí wọ́n ní yóò dẹ́rù bà wá náà, ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n kà. Ọba Sejong tó ṣe é ní 1443, tó sì gbé e jáde ní 1446, torí àwọn mẹ̀kúnnù tí kò ráyè kọ́ lẹ́tà Ṣáínà ló ṣe ṣe é. Lẹ́tà 24 péré ni lónìí, kọ́ńsónáǹtì 14, fáwẹ̀lì 10. Àwòrán ẹnu ló wà nínú wọn: ㄴ ni orí ahọ́n tó kàn sí ẹ̀yìn eyín òkè, ㅁ ni ẹnu fúnra rẹ̀. Mi ò ní jókòó ti èyí. Ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó ti parí.

Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé lẹ́tà òyìnbó yẹn ti ba etí mi jẹ́ kí n tó mọ̀. Ẹ wo orúkọ olú ìlú wọn, S-e-o-u-l. Se-o-u-lu ni mò ń kà á fún oṣù méje. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé e àti o tó tẹ̀ lé ara wọn yẹn, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni, 어, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ọ tiwa. 오 ni o, 어 ni ọ. Òyìnbó ni ìyàtọ̀ yẹn ń fún níṣòro, ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń ṣàlàyé rẹ̀ lójú ewé lójú ewé. Ṣé èmi tí mo mọ owó yàtọ̀ sí ọwọ́ kí n tó hu eyín ni wọ́n fẹ́ kọ́? Mo ti ní ìró náà lẹ́nu láti kékeré, mo wá lọ sanwó kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. 으 nìkan ló ṣàjèjì sí ẹnu wa: ẹ pe u, àmọ́ kí ẹ má ṣù ètè, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní ti 애 àti 에 tí ìwé pín sí méjì, àwọn ọ̀dọ́ Seoul gan-an kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má pa ara yín.

Àmọ́ o, fáwẹ̀lì kọ́ ló dá mi dúró. Òṣùpá ni. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo lò lórí 달, 탈 àti 딸: òṣùpá, ìbòjú, ọmọbìnrin. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe mẹ́ta yìí nìkan. 불 ni iná, 풀 ni koríko, 뿔 ni ìwo. ㄱ, tó dà bíi g, náà ní ìkejì àti ìkẹta, ㅈ, tó dà bíi j, náà ní tirẹ̀. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n, tí èèyàn bá sì ṣi ọ̀kan pè, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ti sọ.

Gbogbo àlàyé tí mo rí, atẹ́gùn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu: tí mo bá pe 탈, kí bébà fò, tí mo bá pe 딸, kó má mira rárá, ti 달, kó mì díẹ̀. Mo ṣe é. Mo gé etí ìwé ìròyìn, mo dúró níwájú dígí bí ẹni tó ń gbàdúrà sí i, alaalẹ́. Bébà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó ń fò nígbà tó yẹ kó fò, ó ń dúró nígbà tó yẹ kó dúró. Mo pe màmá ní Incheon, mo sọ ọ́, ó ní: 달? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù mọ́lẹ̀. Bébà gbà pé ọmọbìnrin ni, èèyàn ẹlẹ́ran ara ò gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Naver, èyí tí wọ́n ti ń fi ohùn èèyàn pe ọ̀rọ̀, mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gba ohùn tèmi náà sílẹ̀ sórí fóònù, mo ń gbọ́ wọn tẹ̀ lé ara wọn. Tiwọn, tèmi. Tiwọn, tèmi. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Àbúrò nínú àwọn ọmọ mi kọjá lọ fomi mu, ó dúró, ó ní, “Dádì, ẹ ò kọ orin yẹn bó ṣe rí.” Orin wo? Ló bá fi imú hùn ún fún mi, láìpe ọ̀rọ̀ kankan: dò, mí, mí. Ó ní, “Tiyín, dò dò dò ni.”

Mo tún un gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. 달 ń bẹ nísàlẹ̀, 탈 lọ sókè, 딸 lọ sókè. Èmi tí mò ń fi dò-re-mí sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́, mò ń fi bébà wá ohun tó wà ní etí mi. Mo ti ń há ọ̀fun fún 딸 bó ṣe yẹ, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń fi gbé e jáde, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn sì ni màmá ń gbọ́ tó fi ń rí òṣùpá. Nígbà tí mo wá wádìí rẹ̀, mo rí i pé àwọn onímọ̀ èdè ti kọ̀wé lé e lórí: ní Seoul, pàápàá lẹ́nu àwọn tí kò dàgbà púpọ̀, gíga ohùn ni wọ́n fi ń mọ ㄷ tó bẹ̀rẹ̀ 달 yàtọ̀ sí ㅌ tó bẹ̀rẹ̀ 탈 ju atẹ́gùn lọ. Kì í ṣe pé èdè wọn jẹ́ èdè olóhùn bíi tiwa o. Kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ àpólà ọ̀rọ̀ ló ń fa ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ ńkọ́? ㄷ yóò kàn di d lásán, ㅂ yóò di b: 부부, tọkọtaya, ti àkọ́kọ́ dà bíi p òyìnbó, èkejì jẹ́ b. Ìhà Busan náà sì ní bí tiwọn ṣe ń gbé ohùn, ẹ má gbé èyí lọ síbẹ̀.

Láàárín 탈 àti 딸 tó jọ wà lókè ni bébà ti wúlò. T tiwa gan-an ò ní atẹ́gùn púpọ̀, ó sún mọ́ ㄸ tó bẹ̀rẹ̀ 딸. Ẹ kàn há ọ̀fun díẹ̀ sí i, bí ìgbà tí èèyàn sé èémí láti gbé ẹrù wúwo.

Mo pe màmá lálẹ́ ọjọ́ kejì. 딸이 둘 있어요. Ó pariwo: “아, 딸!” Àfi bí ẹni pé òun ló bí wọn. Orí mi wú. Ìgbéraga náà ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, èmi sì lọ fi nọ́ńbà tí kò yẹ dá a lóhùn. Irú nọ́ńbà méjì ni wọ́n ní, tiwọn fúnra wọn àti èyí tó wá láti Ṣáínà. Tí èèyàn bá fi 살, ìyẹn ọdún, ka ọjọ́ orí, tiwọn ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni 열한 살, kì í ṣe 십일 살. Aago gan-an tún pa méjèèjì pọ̀: wákàtí ń lo tiwọn, ìṣẹ́jú ń lo ti Ṣáínà, 세 시 삼십 분, aago mẹ́ta kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kọ́ ọ sórí, kò sí àlàyé tó máa mú un dùn.

Kíláàsì yẹn tún kù díẹ̀ kó sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìwé wọn ní 당신 ni ẹ̀yin, mo sì ti fi pe màmá nígbà mẹ́ta. Tọkọtaya ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, àti àwọn tó ń jà lójú pópó. Ìyá ẹni ọdún bíi àádọ́rin! Òun ló fi sùúrù ní kí n máa pe òun ní 선생님, ìyẹn olùkọ́, èmi náà ló sì ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ò yọ mí lẹ́nu mọ́. Ọmọdé ń sùn, 자요. Ìyá àgbà ń sùn, 주무세요. Ẹni tí wọ́n ti gbá létí rí torí pé ó sọ pé “o” sí àgbà, ó ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yẹn.

Báwo ni mo ṣe rí màmá? Lórí áàpù pàṣípààrọ̀ èdè kan. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi, ìfẹ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe gírámà. Ẹ wá àgbà. Àgbà ní àsìkò, kì í yára sọ̀rọ̀, kò sì ní díbọ́n pé òun gbọ́ ohun tí òun ò gbọ́. Ẹ sì rántí pé Kòríà kì í yí aago ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí ìgbà òtútù. Ibi tí mò ń gbé ń yí i, mo fi màmá sílẹ̀ nídìí fóònù fún wákàtí kan gbáko.

Ìyókù ohun tó gbè mí, kò lẹ́wà, kò sì gba owó. Àpèkọ ni. Gbólóhùn mẹ́wàá láràárọ̀: mo gbọ́, mo kọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ kọ́ ni wọ́n ń pè. 한국말 di 한궁말 lẹ́nu, 같이 di 가치, 합니다 tí gbogbo ayé mọ̀ di 함니다. Ó bí mi nínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí mo fi rántí pé àwa náà ń pe wá ilé ní wálé. Fún gírámà, ojú ewé How to Study Korean ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. King Sejong Institute, ilé ẹ̀kọ́ èdè Kòríà, ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan wà nítòsí yín kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Mi ò wò ó. Nígbà tí mo fi wò ó, mo ti san ti oṣù méje.

Mo ṣe TOPIK I, ìdánwò èdè Kòríà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Máàkì 200 ni, 80 fún ìpele kìíní, 140 fún ìkejì. Ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá wà lórí ojú ewé TOPIK fúnra rẹ̀, òun nìkan ni mo fi múra. Mo gba 151, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti apá ìgbọ́. Ìwé kíkà àti ìgbọ́ nìkan ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀ o. Wọn ò bi mí ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lórí ọmọbìnrin àti òṣùpá, kò sẹ́ni tó ní kí n pe ọ̀kan.

Màmá ní kí n fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ohun tó kọ padà ni 달이 둘이네요, ó sì fi ẹ̀rín mẹ́ta sí ìparí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ni kíláàsì ìjelòó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi pé ìpele kejì ti ṣí. Annyeonghaseyo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà òyìnbó láti òkè délẹ̀.