Kí ẹ tó ra amp gìtá ńlá, ẹ wo sípíkà yín ná

Tí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé ní Adó-Èkìtì, onígìtá ìjọ á ní, "Amp yìí ò gbé e mọ́, ẹ jẹ́ ká ra 100 wáàtì." Ẹ fọwọ́ mú owó yín ná. Amp ni ẹ̀rọ tó ń fún ohùn gìtá lágbára, dB la sì fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó. Amp 100 wáàtì fi 3 dB péré ju ti 50 lọ. Etí á gbọ́ ọ, àmọ́ díẹ̀ ni. Kí ohùn tó dà bíi pé ó di méjì létí èèyàn, wáàtì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ìwé tó bá a wá, ẹ ó rí 97 dB tàbí 100 dB: bó ṣe ń dún tó nìyẹn ní mítà kan, tó bá gba wáàtì kan. Bí ẹ bá fi ti 100 rọ́pò ti 97, iṣẹ́ amp tó tó ìlọ́po méjì lẹ ṣe yẹn.

Ẹ wá wo ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná mànàmáná tó. Ẹ so sípíkà 8 ohm méjì pọ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ó di 4. Ẹ so pupa ọ̀kan mọ́ dúdú èkejì, ó di 16. Amp oní-transistor máa ń fún 4 ohm ní agbára ju 8 lọ, àmọ́ ẹ má lọ sísàlẹ̀ iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ti oní-tube, èyí tó ní gílóòbù onígíláàsì nínú, le jù bẹ́ẹ̀: ohm ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti sípíkà mu, ẹ má sì tàn án láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀ láéláé. Transformer inú rẹ̀ lè jóná. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wáyà gìtá so amp mọ́ sípíkà. Wáyà sípíkà gan-an ni kí ẹ lò.

Ibi tí ẹ gbé e sí ló wá kù, òun ló sì ń dùn mí jù. Wọ́n á gbé amp sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn onígìtá, ohùn tó mú ṣáṣá á máa gba orúnkún rẹ̀ kọjá. Kò ní gbọ́ ara rẹ̀, á tún yí i sókè, ìyà á wá máa jẹ àwọn ìyá tó jókòó níwájú. Ẹ gbé e sórí àga, tàbí kí ẹ dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kó kọjú sí etí rẹ̀. Ẹ dín bass (ohùn ìsàlẹ̀) kù, ẹ fi díẹ̀ kún mid (ohùn àárín). Ibẹ̀ ni gìtá ti ń jáde láàárín ìlù àti kíbọ́ọ̀dù.

Níta gbangba ńkọ́, bíi pápá ní Ìkẹ́rẹ́? Ìgbàkígbà tí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, 6 dB ló ń lọ. Ẹ má fi amp lé ohùn kiri pápá. Ẹ gbé máíkì síwájú sípíkà rẹ̀, kí àwọn sípíkà ńlá gbé e dé ẹ̀yìn.