Bí a ṣe ń kápá gáòtù, kì í ṣe ìrora rẹ̀ nìkan

Gáòtù jẹ́ irú làkúrègbé kan, òru ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á wú, á pọ́n, á máa dán, á sì gbóná débi pé ẹni tó ń ṣe kò ní lè jẹ́ kí aṣọ ìbora lásán kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìrora náà á lọ, aláìsàn á sì gbà pé òun ti bọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí ohun tó fa ìrora náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Yúríìkì ásíìdì ni, èyí tó yẹ kí kíndìnrín máa dà sínú ìtọ̀. Bó bá pọ̀ jù, á dì sínú oríkèé, á sì ṣómú bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ̀ dájú pé gáòtù ni, nítorí kì í ṣe gbogbo làkúrègbé ni gáòtù. Dókítà lè fa omi inú oríkèé, kó sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n iye yúríìkì ásíìdì lè wálẹ̀ lásìkò tí ìrora ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ara bá ti balẹ̀. Bí ibà bá bá wíwú náà rìn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò àrùn inú oríkèé lè fara jọ gáòtù.

Nígbà tí ìrora bá dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé e, kí ẹ sì tètè lo oògùn tí dókítà kọ: colchicine, oògùn irú ibuprofen, tàbí sítẹ́rọ́ìdì. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ dá ibuprofen lò, colchicine àlòjù sì lè pa ènìyàn.

Bó bá ń padà wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ẹ bi dókítà nípa allopurinol, oògùn tó ń dín yúríìkì ásíìdì kù. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi mílígíráàmù 100 lójúmọ́ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa fi kún un títí iye yúríìkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ fi máa wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 6 mg/dL. Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí èyí: ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìrora lè tún yọjú, nítorí ohun tó ti dì ń yọ́. Àìmọye ènìyàn ló ń jù ú nù nígbà náà, wọ́n rò pé oògùn náà ló burú. Ẹ má dá a dúró. Colchicine díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni dókítà máa ń fi bá a rìn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sú sí ara, ẹ dá allopurinol dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà kíá.

Oúnjẹ ń ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kì í sábà tó. Ẹ dín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran kù, àti bíà àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó kún fún ṣúgà. Ẹ máa mu omi dáadáa, bí ẹ bá sì sanra jù, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dín in kù, kì í ṣe nípa fífi ebi pa ara. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ lè mú yúríìkì ásíìdì pọ̀ sí i. Dókítà ni kí ẹ bá sọ ọ́, ẹ má fúnra yín fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí iye náà bá ti wálẹ̀, ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bó bá dúró ní ìsàlẹ̀ pẹ́, kódà àwọn kókó líle tó ti yọ sí ìka tàbí etí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.