Kí Ẹ Tó Ra Ilé n'Ìbàdàn, Ẹ Yẹ Àdúgbò Wò Dáadáa

Bí ajẹ́ẹ̀ǹtì bá mú yín lọ wo ilé nígbà ẹ̀rùn, ẹ má tíì sanwó. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ kejì òjò ńlá.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọlé, ó sì gbé afárá lọ. Oṣù tí a máa ń retí kí òjò sinmi díẹ̀ ni méjèèjì bọ́ sí. Nítorí náà, ẹ wo ara ògiri. Bí ilà aláwọ̀ erùpẹ̀ bá ga bákan náà lára ilé méjì-mẹ́ta, ibẹ̀ ni omi dé. Bí ọ̀pọ̀ ilé bá mọ búlọ́ọ̀kù dí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, omi ni wọ́n ń dí. Kí ẹ fura sí ọ̀dà tuntun tó mọ sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ní tèmi, tí ọ̀rọ̀ omi ò bá dá mi lójú, kò sí iye tí wọ́n máa yọ lórí owó ilé tí màá fi rà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí lẹ́nu ayálégbé, ìyá olóńjẹ àti ọlọ́kadà. Ṣé kànga ń gbẹ ní oṣù Kejì? Ìgbà wo ni wọ́n mú iná wá gbẹ̀yìn? Àdúgbò tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele iná tó ga jù lọ, yẹ kó ní iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, àmọ́ aládùúgbò ló mọ èyí tó ń dé ní tòótọ́.

Ẹ lọ lálẹ́, kí ẹ mọ ìgbà tí àwọn ọdẹ ń ti géètì. Ẹ sì gbéra láti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ní ti ìwé, ẹ fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ní ìwé sọ́fè ilé náà, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Kó tó di pé ẹ sanwó, ẹ lọ rí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò. Ẹ béèrè bóyá ẹjọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní kóòtù. Ẹ béèrè gbèsè pẹ̀lú: owó taransífọ́mà tí ẹni tó ń tà á kò san, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ rà á ni wọ́n máa wá gbà á.